Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ gbọ́mọ lọ sọ́dọ̀ OT (occupational therapist): bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti iṣẹ́ tó kù tẹ́ ẹ máa ṣe nílé

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ bi mí tí wọ́n bá ti jókòó tán ni pé "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa rìn?" Màá dá wọn lóhùn o, àmọ́ èmi náà á wá béèrè tèmi: ta ló ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀, orí kí lẹ máa ń gbé e sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣeré ni àbí ó kàn ń wò wọ́n. Àwọn kan á wojú mi bíi pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì kí wọ́n tó débẹ̀, ẹnì kan wá ń bi wọ́n nípa ṣòkòtò àti ṣíbí.

Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Àwọn físíò ló ń dojú kọ bí ara ṣe ń gbéra, bí ọmọ ṣe máa jókòó, dìde, rìn. Spíìṣì tẹ́rápì ló ni ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn náà sì máa ń bójú tó gbígbé oúnjẹ mì. Àwa OT, ohun tí ọmọ ń fi ojúmọ́ ẹ̀ ṣe là ń bá yí: oúnjẹ jíjẹ, aṣọ wíwọ̀, ìwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, eré, ìwé kíkọ, oorun pàápàá. Ọmọ tí kò tíì rìn ṣì lè fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun, ó lè na apá kí wọ́n wọ̀wù fún un, ó lè jókòó sí kíláàsì, a ò ní dúró de ìrìn ká tó bẹ̀rẹ̀ àwọn yẹn.

Ọmọ wo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé wá

Àwọn tá a máa ń rí jù nílẹ̀ wa làwọn ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ni pé nǹkan kan ṣe ọpọlọ ọmọ nígbà tó wà nínú oyún, lásìkò ìbí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ìyá wọn, ọ̀pọ̀ á ní ọmọ náà ò tètè ké nígbà tóun bí i, tàbí pé jọ́ńdíìsì mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú àti ara ẹ̀ di yẹ́lò, wọ́n wá ń gbé e sóòrùn àárọ̀ dípò kí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń bímọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kámfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gbà á, àìtó G6PD ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, jọ́ńdíìsì tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń le gan-an.) Lẹ́yìn wọn làwọn ọmọ ọ́tísìmù, àwọn tó ní Down syndrome, àwọn tí wọ́n fà lápá nígbà ìbí tí apá náà ò wá gbéra mọ́, àwọn tí omi gbígbóná jó lọ́wọ́ tí awọ ibẹ̀ wá ń fa ìka wọn pọ̀, àtàwọn ọmọ ilé ìwé tí ara wọn le koko àmọ́ tí bọ́tìnì, okùn bàtà àti ìwé kíkọ ń fún ní wàhálà ojoojúmọ́.

Àwọn nǹkan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi dọ̀la: ọmọ tó ti lé ní oṣù 4 tí orí ẹ̀ ṣì ń yẹ̀, tàbí tó ṣì ń di ẹ̀ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ọmọ oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, ọmọ tó ti lé lọ́dún 1 tí kò lè fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣa nǹkan kékeré nílẹ̀, ọmọ oṣù 18 tí kò tíì rìn. Ẹ ti mọ ohun tí mọ̀lẹ́bí máa sọ, wọ́n á ní bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn, wọ́n á ní ọmọkùnrin kì í tètè ṣe nǹkan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, owó káàdì àti owó ọkọ̀ lẹ ná. Tí kò bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tí ọpọlọ ọmọ ń tètè gba nǹkan jù lẹ fi ń dúró yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 3 tàbí 4 tó ń fi òsì jẹun, tó ń fi òsì kọ̀wé, tí ọ̀tún ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá fẹ́ lò ó, nǹkan kan ò ṣe é, ẹ má so ọwọ́ ẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ lè kọ́ ọ pé ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, kò pa á lára, àmọ́ ní ti pẹ́ńsùlù àti ṣíbí, ẹ jẹ́ kó fi èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn mú un. Ọmọ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sáré gbé wá ni ọmọ oṣù 8 tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa ń nà sí nǹkan, ì báà jẹ́ ọ̀tún, tí ìkejì á sì ká mọ́ àyà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í sábà ní ọwọ́ tó fẹ́ràn, tó bá ti ní in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkejì ló ń ṣòro fún un láti lò. Inú àwọn ìdílé kan tiẹ̀ máa ń dùn, wọ́n á ní ọmọ wa gbọ́n, láti kékeré ló ti mọ ọwọ́ ọ̀tún.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wa

A ò pọ̀, mi ò ní tàn yín. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ: UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ífẹ̀, àti àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi Arò l'Ábẹ́òkúta àti ti Yábàá, tó ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé l'Óṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Arò tàbí Yábàá dẹ́rù bà yín o, pé wọ́n rí yín ní gééètì ibẹ̀ kò sọ ọmọ di wèrè. Yunifásítì Ifẹ̀, ìyẹn OAU, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ OT gba dìgírì. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, àti ti ìjọba àti ti aládàáni, ẹni tó máa fọwọ́ kan ọmọ yín gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ MRTB, bọ́ọ̀dù ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó físíò, OT àtàwọn tó jọ wọ́n, kí láísẹ́ǹsì ẹ̀ má sì tíì kọjá. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó ní in kì í bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ NHS, health visitor, GP tàbí ilé ìwé lè bá yín kọ̀wé, àmọ́ ìlà máa ń gùn gan-an, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní England tí ọmọ sì nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ní kíláàsì, ẹ béèrè nípa EHCP, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń kọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. L'Amẹ́ríkà, early intervention, ètò ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ kékeré, ti ìpínlẹ̀ yín lẹ máa pè tí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 3, ẹ̀yin fúnra yín lè pè wọ́n láìsí lẹ́tà dókítà. Tó bá ti pé 3, ọwọ́ àwọn ilé ìwé ìjọba ló bọ́ sí, IEP lorúkọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ tí wọ́n máa bá yín kọ.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Ẹ fi fóònù yín ya fídíò. Tí mo bá láṣẹ láti sọ nǹkan kan ṣoṣo fún òbí kó tó wá, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ọmọ tó débi tuntun lè máa ké, ó lè máa sùn, ó lè kàn dì mọ́ yín lọ́rùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣe ìdajì ohun tó máa ń ṣe nílé. Ìṣẹ́jú kan níbi tó ti ń jẹun, ìṣẹ́jú kan níbi tó ti ń ṣeré nílẹ̀, ìṣẹ́jú kan nígbà tẹ́ ẹ ń wọ̀wù fún un, tó bá jẹ́ ọmọ tó máa ń bínú dé góńgó, ẹ ya ìyẹn náà, ohun tó ṣáájú ìbínú gan-an ni mo fẹ́ rí, ẹ má dúró kó tó máa yí mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù.

Ẹ mú ṣíbí tó ń lò wá, ife ẹ̀, oúnjẹ díẹ̀ lára èyí tó ń jẹ. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn tẹ́ ẹ bí i sí, àti oògùn tó ń lò, pàápàá oògùn gìrì, ẹ gbé páálí ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ má kàn sọ pé "ó funfun, ó rí róbótó". Tó bá ṣeé ṣe, kó máà jẹ́ àsìkò oorun ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ lójoojúmọ́ dání. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, ìyá àgbà ni kó wá. Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fún un lóúnjẹ láti aago méje àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, òun gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ síta kó máa ṣọ́ báàgì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ máa rò pé eré lásán la ń ṣe. Mo lè da ọmọ ayò bíi mélòó kan sórí ẹní, kí n gbé ike ẹlẹ́nu tóóró síwájú ọmọ, kí n ní kó máa jù ú sínú. Lójú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ ń ṣeré, dókítà ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mò ń wò bóyá àtàǹpàkò ẹ̀ ń yọ síta àbí inú ẹ̀ṣẹ́ ló fi pa mọ́ sí, bóyá ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ń gbéra àbí ó tẹ̀ sísàlẹ̀, ṣé gbogbo ìka ló fi ń wọ́ ọmọ ayò nílẹ̀ àbí ó fi méjì ṣà á, ṣé ọwọ́ kejì dìde wá di ike mú àbí kò tiẹ̀ rántí pé òun ní ọwọ́ kejì. Tó bá na ọwọ́, ṣé èjìká dúró àbí gbogbo ara ló bá a lọ. Ṣé ojú ẹ̀ wà lára ike nígbà tó fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ṣé itọ́ ń dà. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló tàsé kó tó sú u, tó bá sì sú u, ṣé ó wojú ìyá ẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àbí ó kàn yíjú sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ṣe yẹn, mo ti mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè kan á tún wà, ó lè gùn, ó lè gba ọjọ́ méjì. Wọ́n lè béèrè bí oyún ṣe rí, ìbí ńkọ́, ta ló ń gbé nínú ilé, ilé yín ní àtẹ̀gùn bí, ibo ni omi wà. Kì í ṣe ọ̀fíntótó. Ẹni tó ń gbé àjà kejì tó ń fa omi láti kànga ò lè gba irú ìmọ̀ràn kan náà pẹ̀lú ẹni tí omi ń yọ nínú ilé ìwẹ̀ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ cerebral palsy, wọ́n á sọ fún yín pé ọmọ wà ní ìpele báyìí nínú GMFCS, ìyẹn ìwọ̀n bí ọmọ ṣe ń gbéra, 1 títí dé 5. Ìpele 1 ni ọmọ tó ń rìn fúnra ẹ̀ àmọ́ tí ìṣòro díẹ̀díẹ̀ wà níbi sísáré àti fífò, ìpele 5 ni ọmọ tí wọ́n ní láti gbé kiri tí kò sì lè gbé orí dúró dáadáa. Ti ọwọ́ náà wà, MACS, òun náà 1 sí 5. Tí wọn ò bá sọ, ẹ béèrè. Ó máa ń dun òbí láti gbọ́ o, mo mọ̀, àmọ́ òbí tó mọ ìpele tọ́mọ ẹ̀ wà kì í kó owó ilé lé ẹni tó ṣèlérí pé ọmọ máa sáré ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìtíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Méjì tàbí mẹ́ta tó. "Ká ṣáà máa wò ó" kì í ṣe nǹkan tá a fẹ́. "Láàárín oṣù 3, kó lè di ṣíbí mú fúnra ẹ̀, kó bu oúnjẹ dé ẹnu nígbà márùn-ún kó tó rẹ̀ ẹ́", ìyẹn ṣeé wò. Ìyá kan lè sọ pé ohun tóun fẹ́ ni kí ọmọ lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdajì wákàtí kóun náà lè gbọ́ ìwàásù, ó dáa bẹ́ẹ̀, a máa kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn

Ìgbà kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì, àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá lè máa wá lóṣooṣù. Ọmọ á ké ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ má sì nà án. Ẹ jókòó tì wá. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168, ọ̀kan péré lẹ fi wà lọ́dọ̀ wa, kò sí bí ọ̀kan yẹn ṣe lè borí ìyókù, nítorí náà ẹ̀yin gan-an là ń kọ́ nígbà tẹ́ ẹ rò pé ọmọ là ń kọ́. Tí mo bá ṣe nǹkan kan tán, ẹ ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ lójú mi, kí n tún ọwọ́ yín ṣe. Ẹni tó dúró sí kọ́rídọ̀ tó ń tẹ fóònù títí wọ́n fi gbé ọmọ ẹ̀ jáde fún un, owó ọkọ̀ ló ń sun níná.

Tí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ sọ ọ́ jáde. A lè fi ọjọ́ wa bá ti físíò mu, a lè dín ìgbà tẹ́ ẹ máa wá kù ká wá fún yín níṣẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ ṣe nílé. Èyí tó burú ni kẹ́ ẹ kàn dákẹ́ kẹ́ ẹ má wá mọ́.

Nílé

Oúnjẹ ni mo fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀, torí ewu wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́yìn lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n á da ògì sí i, nígbà míì wọ́n á tún di nímú kó lè gbé e mì. Fún ọmọ tára ẹ̀ dá pàápàá kò dáa. Fún ọmọ tí ọ̀fun ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n gbé nǹkan mì, ẹ̀dọ̀fóró ni ògì yẹn ń gbà lọ, òun ló ń fa àyà tó ń dún, ikọ́ tí kì í tán, àti pneumonia, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tó ń gbé wọn padà sí wọ́ọ̀dù léraléra, tí ìdílé á máa wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó, kí ẹ̀yìn ẹ̀ nà, kí orí wà láàárín, kí àgbọ̀n tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀ kí ojú yín àti tiẹ̀ ṣe déédéé. Kí ṣíbí ti iwájú wá, kó má ti òkè wá, torí tó bá ti òkè wá ọmọ á gbé orí sẹ́yìn, ọ̀nà ọ̀fun tí kò tọ́ á ṣí. Ṣíbí kékeré tí kò jìn, oúnjẹ díẹ̀, ẹ rọra fi tẹ ahọ́n, ẹ dúró kó pa ẹnu dé, kó gbé e mì, kẹ́ ẹ tó bu òmíràn. Fún ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó ki máa ń rọrùn ju èyí tó ṣàn bí omi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ sọ bó ṣe máa ki tó. Tó bá jẹun tán, kó ṣì jókòó fún bí ìṣẹ́jú 30. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá jẹun ló ń wúkọ́, tí omi ń bọ́ lójú ẹ̀, tí ohùn ẹ̀ ń dún bíi pé omi wà nínú ẹ̀, tí kò sì sanra, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì, ẹ tètè padà wá.

Ọmọ tó ti ń jókòó dáadáa tó sì ń jẹ nǹkan tó le díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ẹ̀bà tàbí àmàlà. Mi ò tíì rí irinṣẹ́ olówó ńlá tó ju òkèlè lọ: bíbù ú, fífi ìka yí i, fífi àtàǹpàkò tẹ ojú ẹ̀ kó lè kó ọbẹ̀, gbígbé e dé ẹnu kó má jábọ́, ìka wo ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Á dà sílẹ̀, ewédú á kan ògiri. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ẹ tẹ́ láílọ́nù sílẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ lára ẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Aṣọ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Apá tó le tàbí tí kò lágbára ló máa kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀wù, òun náà ló máa gbẹ̀yìn jáde tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ láti máa wọ ṣòkòtò, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ bá a fà á dé orúnkún, dé itan, dé ibàdí, kó wá jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn, fífà á dé ìdí, lòun máa ṣe. Òun ló parí iṣẹ́, òun lẹ máa pàtẹ́wọ́ fún. Tó bá ti mọ ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ní itan, lẹ́yìn náà orúnkún. Ẹ ra èyí tó ní rọ́bà nídìí, sípù àti bọ́tìnì ṣì lè dúró, bùbá ọlọ́rùn fẹ̀ dáa ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún ìgbà yìí.

Pípọ̀n náà dáa. Ọmọ tí itan ẹ̀ máa ń lẹ̀ pọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbé ara wọn níbùú, ẹ̀yìn ìyá ń la itan yẹn fún un. Ẹ rí i pé ọ̀já dé ibi tó máa gbé ọrùn ẹ̀ ró tí orí ò bá tíì dúró. Àmọ́ kì í ṣe àtàárọ̀ dalẹ́, ó nílò ilẹ̀ náà, kó dojú bolẹ̀ lórí ẹní nígbà tẹ́ ẹ jókòó tì í, kó ti ọwọ́ mọ́lẹ̀ gbé orí sókè.

Ìwẹ̀ ló ku díẹ̀ káàtó. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń fa ọwọ́ ọmọ, tí wọ́n ń jù ú sókè, tí wọ́n ń fi apá kan gbé e dirọ̀, ẹ má ṣe é fún ọmọ tí ara ẹ̀ le o. Tẹ́ ẹ bá fà á lójijì ńṣe ló máa le sí i, egungun sì lè yẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ jẹ́jẹ́, kí gbogbo nǹkan lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá àgbà lè bínú, á ní báyìí lòun ṣe wẹ gbogbo yín. Ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa, ẹ má bá wọn jà nílé. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ ara wọn mọ bí apá ọmọ ṣe ń dẹ̀ nígbà tí wọ́n rọra mú un, àwọn náà ló máa di ọ̀gá fún gbogbo ilé, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọmọ náà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbàdúrà, ẹ máa gbàdúrà lọ, èmi náà ń gbà á, àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú oògùn gìrì kí àdúrà lè ṣiṣẹ́, ẹ sá fún un.

Fún ìka, ilé yín kún fún iṣẹ́. Ṣíṣa ẹ̀wà, bíbó ẹ̀pà, pípo ìyẹ̀fun. Ayò ọlọ́pọ́n gan-an, ihò 12, ọmọ ayò 48, ó ń kọ́ ìka, ó ń kọ́ kíkà, ó ń kọ́ pé "ó kàn mí, ó kàn ẹ́", èyí tó nira fún ọ̀pọ̀ ọmọ ọ́tísìmù. Ẹ má fi ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ o, ó lè há a lọ́fun. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti 10 nírọ̀lẹ́ dáa ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo yín á fi sunkún.

Àwọn ọmọ tí ariwo, bábà, gígé èékánná tàbí oúnjẹ tó ń yọ̀ ń bà lẹ́rù, kì í ṣe àgídí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Tó bá jẹ́ bábà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kílípà tí wọn ò tan, ọjọ́ mìíràn kó gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sí ọwọ́ ẹ̀ kó mọ bó ṣe ń gbọ̀n, kó tó wá kan orí. Ẹ lọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ò kún. Tẹ́ ẹ bá ń gé èékánná ẹ̀ nígbà tó ń sùn, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn ẹ̀wù oníwúwo àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ra ọmọ lára tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, ẹ̀rí tó wà lórí wọn ò tó bí wọ́n ṣe ń polówó wọn, owó yẹn dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ káfíńtà.

Káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí kò lè jókòó dáadáa nílò àga tirẹ̀, ẹ ò sì ní láti rà á láti òkè òkun. Ẹ ní kí tẹ́rápísìtì wọn ọmọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e fún káfíńtà àdúgbò yín. Ìdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ká déédéé. Ibi ìjókòó á dúró ní ìwọ̀n ìka méjì kó tó dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan pákó, kò gbọ́dọ̀ máa fì. Bẹ́líìtì á gba ibàdí, kò gbọ́dọ̀ gba ikùn. Pákó iwájú á ga dé ìgúnpá. Fóòmù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi àyè sílẹ̀, ọmọ ń dàgbà. Tí wọ́n bá sì ṣe splint, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ dúró dáadáa, sọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ẹ wo awọ ara: tí ibi tó pọ́n ò bá tíì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ má wọ̀ ọ́ padà, ẹ gbé e wá ká tún un ṣe.

Ilé ìwé

Ẹ má fi ọmọ pa mọ́ nítorí pé ẹ ń dúró kó kọ́kọ́ gbádùn. Láti January 2019 la ti ní òfin ní Nàìjíríà tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2011. Ọ̀gá ilé ìwé lè má mọ̀ ọ́n, ẹ rọra sọ fún un. Fún tíṣà, ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, a lè bá yín kọ ọ́: àga tí ẹsẹ̀ ọmọ máa kanlẹ̀, kó jókòó síwájú, pẹ́ńsùlù kúkúrú tàbí èyí tẹ́ ẹ fi rọ́bà wé kó lè tóbi, àkókò díẹ̀ sí i láti parí iṣẹ́, kó kọ ìlà márùn-ún tó dáa dípò ojú ìwé méjì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ ya fídíò ohun kan náà lóṣooṣù, níbì kan náà, kẹ́ ẹ máa fi wéra. Ojú tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ kì í tètè rí ìyàtọ̀. Tó bá di oṣù 3, ẹ jókòó pẹ̀lú tẹ́rápísìtì, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ jọ kọ sílẹ̀ jáde, èyí wo ló bọ́ sí i, èyí wo ni ò bọ́ sí i, kí la máa yí padà. Tí kò bá sí ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ rárá, tí wọ́n máa ń tilẹ̀kùn mọ́ yín síta láìsọ ìdí, tí wọ́n ń fi tipátipá na ara ọmọ títí á fi ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, tàbí tí ẹnì kan bá ní òun máa wo ọ́tísìmù sàn, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá sì ń pàdánù ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, tó ń jókòó tó wá ń ṣubú, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kíákíá.

Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n máa ní ẹ lè máa lọ, pé ẹ ò ní láti máa wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ mọ́. Wọn ò lé yín o. Ẹ gba ìwé tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe àti ibi tí ọmọ dé, ẹ gba nọ́ńbà kílíníìkì, kẹ́ ẹ sì padà wá tó bá yí kíláàsì, tó bá yọ gíga lójijì tí ara ẹ̀ tún ń le, tí àga tàbí splint bá ti kéré jù fún un.